Òkú Tí A Kì Í Kà Lórí Rédíò

Bí ẹ bá ń gbọ́ rédíò láàárọ̀ ní agbègbè Ìbàdàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èmi ni mo túfọ̀ ẹnì kan fún yín rí. Ìkéde òkú niṣẹ́ mi. Láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú kirikiri ni mo ti ń kà á, ó sì ti ń funfun báyìí, mo ṣì ń kà á. Bí mo bá wọkọ̀ ní Adégbayì, tí mo la ẹnu pé kí awakọ̀ rọra, mo fẹ́ sọ̀, ọ̀kan nínú èrò ọkọ̀ á yíjú padà: "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kéde bàbá wa?" Màá ní èmi ni, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn. Inú ẹni yẹn á dùn, á sọ fún ẹni tó jókòó tì í. Ẹ ò rí ọ̀rọ̀ ayé bí? Mo túfọ̀ bàbá èèyàn, ó tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́, ọ̀gá wa jẹ́ àgbàlagbà kan tí bírò pupa kì í kúrò létí wọn. Àwọn ló kọ́ mi ní ẹni tó yẹ ká kéde àti ẹni tí kò yẹ. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wo àwọn tí òkú fi sílẹ̀, kí n wo àwọn tó máa wá. "Ìkéde kì í ṣe ti òkú o," wọ́n á wí. "Òkú ò gbọ́ rédíò. Ti àwọn alààyè ni." Arúgbó tó fọwọ́ rọrí, tó lọ́mọ, tó lọ́mọ ọmọ, ó wọlé nìyẹn. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bá wà lókè òkun, ẹ jẹ́ ká pe orúkọ ìlú ọ̀hún ketekete, kí aládùúgbò lè gbọ́. Ọ̀dọ́ ńkọ́? Ọ̀gá á mi orí. "Òkú ọ̀fọ̀ nìyẹn. Wọn kì í pariwo ọ̀fọ̀." Bírò pupa á sì gba orí ìwé náà kọjá.

Mi ò bá wọn jiyàn. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nílé nìyẹn. Tí ọ̀dọ́ bá kú ní ìdílé wa, wàràwàrà ni wọ́n máa sin ín. Bàbá kò ní tẹ̀ lé e débẹ̀, ìyá kò gbọdọ̀ mọ ojú oórì ọmọ. Àwọn tó wá kí yín ò ní jókòó pẹ́. Wọ́n á ní kí Ọlọ́run má fi irú ẹ̀ hàn wá mọ́, wọ́n á dìde, wọ́n á gbọn aṣọ wọn. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹwàá, orúkọ ọmọ yẹn ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kì í mẹ́nu bà. Wọ́n ní ká má baà máa kan ojú egbò ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, mo sì gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbi ìyá kankan léèrè.

Ìyá mi ń gbé ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ẹ̀rúnmu. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn, gàrí ni wọ́n ń yan. Wọ́n so rédíò kékeré kan mọ́ òpó abà tí wọ́n ti ń yan gàrí, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀. Kò sí àárọ̀ tí wọn kì í gbọ́ mi. Àwọn àti aládùúgbò wọn kan ni wọ́n jọ ń yan gàrí, Ìyá Aládúrà là ń pè wọ́n, torí ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì máa ń rìn lọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mùsùlùmí ni ìyá mi. Ẹnì kan ń sọ pé Allāhu, ẹnì kejì ń sọ pé Hallelúyà, wọ́n jọ ń jà lórí igi ìdáná, wọ́n sì jọ ń gbọ́ òkú.

Ẹ ò rí i bí àwọn ìyá méjì yìí ṣe máa ń dá òkú lẹ́jọ́! "Èyí gbayì o, ọmọ mẹ́jọ!" "Ọmọ mẹ́jọ wo? Ìwọ ò gbọ́ pé wọn ò dárúkọ ìyàwó kékeré?" "Ìwọ lo gbọ́ ọ, etí ẹ gùn." Tí mo bá wá sílé lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n á pè mí jókòó kí n wá ṣàlàyé ìdí tí mo fi sáré ka ti baálẹ̀ kan bí ẹni tí ajá ń lé. A ó rẹ́rìn-ín. Ìyá mi á wá ní, "Lọ́jọ́ tèmi, má sáré kà á o. Mumi kí o tó bẹ̀rẹ̀." Èmi á ní Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Wọ́n á ní àwọn ò sọ pé àwọn ń lọ lónìí, omi ni àwọn ń sọ.

Àwa mẹ́ta ni wọ́n bí: èmi, àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ mẹkáníìkì, àti àbígbẹ̀yìn, obìnrin. Àbígbẹ̀yìn yìí lọ̀rọ̀ mi dá lé lórí. Aránṣọ ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Adégbayì, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, kò tíì lọ́kọ, kò tíì bímọ. Bó bá fẹ́ pa ọ́ lẹ́rìn-ín, òun fúnra rẹ̀ á ti rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀, o ò sì ní gbọ́ ìparí ẹ̀ láéláé. Ó rán búbá kan fún mi, apá ọ̀tún kúrú ju ti òsì lọ. Mo pariwo lé e lórí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, apá ọ̀tún lẹ fi ń kọ òkú, mi ò fẹ́ kí yíǹkì kan án." Mo ní irọ́ ló ń pa, ó ṣì í gé ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Búbá yẹn wà nínú àpótí mi. N kì í wọ̀ ọ́.

Ibà ló kọ́kọ́ mú un lọ́jọ́ Ajé. Gbogbo wa ló ń ní ibà, a kì í ka ibà sí. Lọ́jọ́rú, wọ́n rán mi lọ sí pápákọ̀ òfuurufú ní Alákìá, torí ẹni tó yẹ kó lọ kò wá síbi iṣẹ́. Ẹni ńlá kan ń bọ̀. A dúró nínú oòrùn, àwa oníròyìn, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n kó wá láti wá jó. Bàálù pẹ́. Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú báàgì. Mo yọ ọ́ wò, ìyá mi ni. Mo ní tí bàálù yìí bá balẹ̀, màá pè wọ́n padà. Ó tún gbọ̀n. Mo tún wò ó. Mo dá a padà sínú báàgì.

Nígbà tí bàálù wá dé, ẹni ńlá náà sọ̀ kalẹ̀, ó juwọ́, ó wọ mọ́tò, ó lọ. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn o, àfi bí mo bá ń purọ́. Síbẹ̀ mo jókòó, mo kọ ìròyìn tó gùn gbọọrọ lé e lórí: ìrísí ẹ̀, agbádá ẹ̀, bí inú àwọn èrò ṣe dùn tó. Aago mẹ́rin la kà á. Ní aago mẹ́rin yẹn, wọ́n ti gbé àbúrò mi kúrò ní ọsibítù, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín. Láti Alákìá sí ọsibítù tó dùbúlẹ̀ sí, ọ̀kadà kan péré ni. Ká ní mo gbé fóònù náà ni, ǹ bá bá a láàyè. Mo ti ro ìyẹn títí, mi ò rí ibi tí mo lè gbé e gbà tí kò ní padà wá bá mi.

Àbúrò mi ọkùnrin ló pè mí lẹ́yìn ìròyìn. Mo délé, mo bá ìyá mi nínú yàrá. Àwọn obìnrin yí wọn ká, wọn ò jẹ́ kí wọ́n jáde títí àwọn ọkùnrin fi dé láti ibojì. Ìyá mi ò sunkún. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Mo gbọ́ ìròyìn yín lẹ́ẹ̀kan."

Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ ní èèyàn kan dé," wọ́n ní. "Ẹ ò sọ pé èèyàn kan lọ."

Wọ́n ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú yàrá ni, lẹ́mọ́mù ò lò tó wákàtí kan, a ò se oúnjẹ. Àwọn oníbàárà ẹ̀ wá kó aṣọ tí kò tíì rán tán. Wọ́n gbé maṣíìnì ẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan. Bí ìyá mi bá fẹ́ pe orúkọ ẹ̀, ẹnì kan á sáré ní, "Ẹ gbàgbé, ẹ gbàgbé, Ọlọ́run ló ni ín." Bí èmi náà bá wà níbẹ̀, èmi náà á ní ẹ gbàgbé. Mo tún máa ń fọwọ́ pa wọ́n lẹ́yìn, bí ẹni pé mò ń ṣe dáadáa.

Ó tó bí oṣù mẹ́ta kí ìyá mi tó bi mí. A jókòó nínú abà, wọ́n ń fi asẹ́ sẹ́ gàrí.

"O ò ní ka ti àbúrò ẹ ni?"

"Ìyá mi, ọ̀fọ̀ ni. A kì í ka ọ̀fọ̀ lórí rédíò."

"Ta ló ní kí ẹ má kà á?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀, mà. Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Gbogbo ayé ò mọ̀ pé mo bí i."

Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọn ò fi í sílẹ̀. Wọ́n gbé asẹ́ kalẹ̀, wọ́n kọjú sí mi dáadáa. "Àwọn arúgbó tí ò ń kà wọ̀nyí, ta ni kò mọ̀ wọ́n? Wọ́n ti lo ayé, wọ́n ti jẹ oyè, àwọn ọmọ wọn ń gbé orúkọ wọn kiri. Ká ní o ò kà wọ́n, kí ló máa yọ lára wọn? Ọmọ tèmi ni kò ní nǹkan kan. Kò sọ́kọ, kò sọ́mọ, kò sí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ní kí o pè é sáfẹ́fẹ́, kó dà bí ẹni pé èèyàn kan ni."

Mo ní màá wò ó. Màá wò ó! Bí a ṣe máa ń dá àwọn tó wá bẹ̀ wá lóhùn nìyẹn tí a bá fẹ́ kí wọ́n máa lọ.

Nígbà yẹn, ọ̀gá wa ti fẹ̀yìn tì, bírò pupa ti bọ́ sọ́wọ́ tèmi. Ẹ jẹ́ kí èyí yé yín, torí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi wá àwáwí. Kò sí ẹni tó ń dí mi lọ́wọ́. Èmi ni mò ń sọ pé èyí wọlé, èyí ò wọlé. Láàárín ọdún náà, a ka ìròyìn ewúrẹ́ kan tó bí ọmọ márùn-ún ní abúlé kan ní Lágelú, a tilẹ̀ rán ọkọ̀ lọ síbẹ̀. A ka ti ìjòyè kan tó ra mọ́tò tuntun, tó ní kí àlùfáà wá ṣàdúrà sí i. Èmi ni mo fọwọ́ sí ewúrẹ́, èmi náà ni mo fọwọ́ sí mọ́tò. Mi ò sì lè fọwọ́ sí ọmọ ìyá mi, torí ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn èèyàn á ní mi ò mọ àṣà, wọ́n á ní ọmọ tó ń fi ọ̀fọ̀ ilé wọn ṣe ìpolówó nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan báyìí, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ibi iṣẹ́ pè mí pé ìyá kan ń bèèrè mi. Mo jáde. Ìyá mi ló dúró níbẹ̀! Wọn ò wá ibi iṣẹ́ mi rí. Wọ́n gun ọ̀kadà jáde láti abúlé, wọ́n wọ ọkọ̀ méjì, aṣọ Ìtúnu Ààwẹ̀ ni wọ́n wọ̀, gèlè wọn jókòó dáadáa. Èérú iná gàrí ṣì wà ní etí èékánná wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń kí wọn, ẹ káàbọ̀, mà. Ìyá mi tú etí ìró, wọ́n yọ bébà kan tí wọ́n ká jọ. Ìyá Aládúrà ló bá wọn kọ ọ́, nínú ìwé tí wọ́n ń kọ ìran sí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo kà á lórí ìdúró. Ohun tó wà níbẹ̀ ò ju báyìí lọ: *Ìyá kan tó ń yan gàrí lẹ́bàá Ẹ̀rúnmu ń fi tó gbogbo ayé létí pé òun bí ọmọbìnrin kan. Aránṣọ ni. Ó mọ aṣọ rán. Ó máa ń rẹ́rìn-ín. Ó ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá òun pe orúkọ rẹ̀.* Wọ́n wá kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà, wọ́n fa ilà méjì sídìí ẹ̀.

Ojú tì mí. Kí n má purọ́, kì í ṣe àánú ló kọ́kọ́ ṣe mí, ìtìjú ni. Mo ń wò ó pé ta ló ń wò wá. Mo fa ìyá mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo ní, "Màá kà á."

"Nígbà wo?"

"Lọ́la, láàárọ̀."

"Ṣé lóòótọ́?"

"Lóòótọ́, mà."

Wọ́n gbàdúrà fún mi níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n ní orúkọ tèmi náà ò ní parẹ́. Mo sin wọ́n dé ibi tí wọ́n ti máa wọkọ̀, mo padà wọlé, mo fi bébà náà sí ìsàlẹ̀ dúróò tábìlì mi, mo gbé fáìlì lé e.

Lọ́jọ́ kejì, mo ka òkú mẹ́rin. Arúgbó ni gbogbo wọn.

Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ìyá mi ò gbé ẹ̀gẹ́ kaná láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n pe àwọn obìnrin abúlé jọ sínú abà, ẹni tó gbé àpótí wá, ẹni tó jókòó sórí ẹní. Ìyá Aládúrà nìkan ló gbé agbada kaná, kí ọwọ́ wọn má baà ṣófo, wọ́n sì gbàgbé ẹ̀ lórí iná níbi tí wọ́n ti ń tẹ́tí, gàrí jóná. Ìkéde tán. Wọ́n ní bóyá ọ̀la ni. Wọ́n tún péjọ lọ́la.

Mo délé ní ọjọ́ kẹta. Mo ti ro ohun tí mo máa sọ nínú ọkọ̀.

"Mi ò gbọ́ ọ," ìyá mi ní.

"Ẹ ò gbọ́ ọ kẹ̀? Háà! Mo kà á o. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni, kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin á ti máa kírun nígbà yẹn."

Wọ́n wò mí. "Hẹ̀n-ẹ́n," wọ́n ní. "Òótọ́ ni. Mo ń kírun. Kò burú, ẹni tó gbọ́ ti gbọ́." Wọ́n dìde, wọ́n lọ bu gàrí àti ẹ̀pà wá fún mi, wọ́n jókòó tì mí títí mo fi jẹun tán. Wọn ò bi mí mọ́. Títí wọ́n fi kú, wọn ò tún mẹ́nu bà á fún mi. Ìtura bá mi. Mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ ti tán, ọkàn wọn ti balẹ̀. Irú ọmọ tí mo jẹ́ nìyẹn.

Lásìkò òjò ọdún tó kọjá ni wọ́n lọ. Wọ́n kírun Alasari, wọ́n ní ó rẹ àwọn díẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, ó tán. A sin wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Wàyí o, òkú tó yẹ ní kíkéde ti dé. Ìyá àgbà, ọmọ wọn wà lórí rédíò, wọ́n gbẹ̀yìn rere. Àwọn mọ̀lẹ́bí péjọ sí abẹ́ igi, wọ́n ń pè fún mi, mò ń kọ ọ́: ẹ fi oyè ẹ̀gbẹ́ àsàlátù wọn sí i, ẹ fi ọmọ ọmọ sí i, ẹ fi ọjọ́ fídáù sí i. Nígbà tó kan orúkọ àwọn ọmọ, ẹnì kan ní, "Ọmọ méjì." Kò sẹ́ni tó jiyàn. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ méjì.

Ìyá Aládúrà ló fọwọ́ pè mí wọ inú abà. Iná ò sí níbẹ̀, èérú ti tutù. Rédíò ṣì wà lára òpó.

"Oníredíò," wọ́n ní, bí wọ́n ṣe máa ń pè mí nìyẹn. "Ìwé tí mo kọ nígbà kan, ṣé o kà á?"

Mo ní, "Mo..."

"Má purọ́ fún èmi o. Ilẹ̀ ìyá ẹ ò tíì gbẹ."

"Mi ò kà á, mà."

"Mo mọ̀. Ìyá ẹ náà mọ̀."

Mo jókòó sórí àpótí. Mo ní ṣebí ìyá mi ní àwọn ń kírun.

"Ó kírun lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti já rédíò yìí kúrò lára òpó, ó gbé e sí iwájú ẹní tó fi ń kírun. Ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní Ọlọ́run á foríji òun. Láti ìgbà tí ẹ ti ṣí ilé iṣẹ́ yín láàárọ̀ títí tí ẹ fi ka òkú tán, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ọjọ́ tí o wá sọ tìẹ, tí o padà lọ, ó wá bá mi, ó ní, 'Ọmọ mi purọ́ fún mi.' Mo ní kí n pè ọ́, kí n bá ọ wí. Ó ní kí n má pè ọ́. Ó ní o ti sọ àbúrò ẹ nù, kí a má tún fi ìtìjú kún un fún ọ."

Mo bú sẹ́kún. Wọn ò rọ̀ mí. Wọ́n dúró kí n sun ún díẹ̀, wọ́n tún ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

"O mọ ohun tó ń ṣe lẹ́yìn náà? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn. Ní ọ̀nà odò, ní ibi tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́, ní ọjà Ẹ̀rúnmu. 'Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ gbọ́ ti ọmọ mi lórí rédíò?' Ó mọ̀ pé irọ́ ni o. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dáhùn pé mo gbọ́ ọ, kí ojú má baà tì í. Àwọn yòókù náà á ní àwọn gbọ́ ọ. Tí wọ́n bá ti lè ní àwọn gbọ́ ọ, wọ́n máa ní láti dárúkọ ọmọ náà. 'A gbọ́ ti lágbájá, aránṣọ, ẹ kú àdánù.' Ìyẹn ló ń wá kiri. Tí wọ́n bá ti dá orúkọ yẹn, á ní ẹ ṣeun, á máa lọ. Ọdún mélòó ló fi ṣe bẹ́ẹ̀! Kìrìsìtẹ́nì ni mí, mo purọ́ títí, Ọlọ́run ló mọ ìdí ẹ̀."

Mo ti fi ohùn mi gbé orúkọ àwọn èèyàn tí n kò mọ̀ rí dé gbogbo ìpínlẹ̀ yìí. Ìyá mi sì ń fẹsẹ̀ rìn kiri, wọ́n ń tọrọ orúkọ ọmọ wọn lẹ́nu àwọn èèyàn bí ẹni ń tọrọ iyọ̀. Orí mi ń gbóná bí mo ṣe ń kọ èyí. Ta ló ṣe òfin yẹn? Wọ́n ní kí a má kan ojú egbò ìyá. Egbò tí ẹnikẹ́ni ò kàn, ṣé ìyẹn ni kò ń dun èèyàn?

Mo padà síbi iṣẹ́. Mo ṣí dúróò, mo gbé fáìlì kúrò, bébà náà wà níbẹ̀, eruku ti bo etí ẹ̀. Lọ́jọ́ tí a máa kéde ìyá mi, mo wọ búbá tí apá ọ̀tún ẹ̀ kúrú. Mo jókòó sídìí máíkì. Mo mumi. Mo mu ún dáadáa, mo gbé ife kalẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Mi ò sáré. Mo ka orúkọ ìyá mi, mo ka oyè wọn, mo ka ọjọ́ fídáù. Mo ní ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí: oníredíò, mẹkáníìkì, aránṣọ ní Adégbayì. Mo pe orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo ní aránṣọ náà ti ṣíwájú ìyá rẹ̀ lọ, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì gbé ojú sókè, ó ń juwọ́ sí mi pé kí ni mò ń kà. Mo yíjú kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo tú bébà ìyá mi, mo kà á bí Ìyá Aládúrà ṣe kọ ọ́, mi ò fi bírò kàn án. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n fa ilà méjì sí, mo pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti ń sọ pé ọ̀gá àgbà ń pè mí. Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo gbé e kíá. Ìyá Aládúrà ni.

"Oníredíò, mo gbọ́ ọ lónìí o," wọ́n ní. "Òní ni mo gbọ́ ọ. Mo ti yíjú sí àpótí ìjókòó ìyá ẹ kí n sọ fún un, kí n tó rántí."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà."